Bọ́tìnnì Ìyá Àgbà

Ẹ gbé e yí ká, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ mú o. Ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀. Títí, mo ní etí rẹ̀. Ọmọ yìí, a á ti wí fún un tó. Ọ̀rá tó wà níka yín tí ẹ ò rí, òun ló ń ba fàdákà jẹ́. Ẹn-ẹ́n, bẹ́ẹ̀ ni. Gbé e lọ sójú fèrèsé, kí o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Kí lo rí? O ní ó dúdú. Mo mọ̀ pé ó dúdú. Èmi náà dúdú, ẹnikẹ́ni ò sì fi kàn-ìn-kàn-ìn bó mi rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, ẹ ṣeun tí ẹ wá bá mi di ẹrù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wó ilé kọnkéré yìí, kí wọ́n kọ́ tuntun síbẹ̀. Kò burú, ilé tuntun dáa. Àmọ́ nígbà tí Títí, ọmọ ọmọ mi, ṣí agolo òwú mi tó sì da bọ́tìnnì sórí tábìlì, tó ní, "Grandma, kí lèyí?", ọkàn mi fò sókè. Ẹ fi páálí yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ jókòó. Ohun tí ẹ mú dání yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ sínú páálí láì sọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ní Woolwich, tí ẹ ń bọ́ sí àárín Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ tó gbọ́ orin méjì tán, ẹ ò lè mọ ohun tójú wa rí ní Thamesmead. Bọ́ọ̀sì nìkan la ní. Bó bá ti já ọ sílẹ̀, o di ará etí adágún nìyẹn. Pẹ́pẹ́yẹ á máa wò ọ́ bíi pé ìwọ lo jẹ ẹyin rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa súfèé láàárín àwọn afárá tó so ilé pọ̀ mọ́ ilé. Mo ṣì ń gbọ́ súfèé yẹn. Mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi nígbà tí kùrukùru bá bo odò. Mo ń gbọ́ ìlù àti fèrè àwọn ọmọ ogun tó ń dánra wò ní bárékè wọn, bí a bá ń ti pápá Woolwich bọ̀ ní Sátidé. Àmọ́ ìró tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀, ìró fàdákà ni. Bí o bá gbé ojúlówó lé orí ìka kan, tí o fi òmíràn kàn án létí, á dún, á máa dún lọ, ìwọ gan-an á dákẹ́ kó tó dákẹ́. Ayédèrú ò ní dún ju "kò" lẹ́ẹ̀kan lọ.

Bọ̀dá Láyí ló kó wa wọ ọ̀rọ̀ owó àtijọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ará ìjọ wa, aláwàdà tí kì í rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ní Sátidé, ó máa ń yà sọ́jà Woolwich, níbi tí bàbá òyìnbó kan ti ń pàtẹ owó àtijọ́ sórí aṣọ àrán. Gíláàsì ojú bàbá náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní Bàbá Onígíláàsì, ó sì ń jẹ́ ẹ. Fàdákà Amẹ́ríkà, ti ìgbà tí wọ́n bí àwọn bàbá ńlá wa, ni Bọ̀dá Láyí fẹ́ràn. Ó ní ti Gẹ̀ẹ́sì, orí ẹni tó wà lórí oyè ṣáá ni, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà, obìnrin tí kò jẹ ọba kankan ló wà lójú rẹ̀, idì sì wà lẹ́yìn. Ọ̀kan jókòó, ó gbé asà sẹ́gbẹ̀ẹ́. A sọ ọ́ ní Ìyá Ìjókòó. Èkejì, orí nìkan ni wọ́n yà, irun rẹ̀ ṣù bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun. Ìyẹn ni Ìyá Onírun.

Kí a ra owó nìkan kọ́ ni eré náà. Eré ibẹ̀ ni kí o mọ ipò tí owó wà. Orúnkún àti àyà Ìyá Ìjókòó ló ga jù, ibẹ̀ ni ọwọ́ ọjà ti kọ́kọ́ ń họ ọ́. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tó wà lórí asà rẹ̀, èyí tó ń pe òmìnira, á máa pa rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òyìnbó ní orúkọ àti nọ́ńbà fún ipò kọ̀ọ̀kan, kò sì rọ̀ wá lẹ́nu. Bọ̀dá Láyí bá fún wọn ní tiwa. Owó tí kò tíì rin ọjà rí, tó ṣì ń tàn bó ṣe jáde, ìkókó nìyẹn. Èyí tó fara kan ọjà díẹ̀ ni ọlọ́mọge. Èyí tó ti rìn dáadáa àmọ́ tí lẹ́tà asà rẹ̀ ṣì pé, abiyamọ ni. Èyí tí orúnkún rẹ̀ ti tẹ́jú pátápátá, ẹ kúnlẹ̀ kí i, ìyá àgbà ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹnikẹ́ni bá ti fi ọṣẹ tàbí iyanrìn bó, bó tilẹ̀ jẹ́ ìkókó tẹ́lẹ̀, abóra là ń pè é. Abóra ò ní ipò. Awọ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wọ̀ ti lọ. Ó lè máa dán, àmọ́ kò lè tàn mọ́, kò sì sí ìpara tó lè dá a padà.

Ẹ wò ó, ẹ̀kọ́ yẹn le fún àwa. Nílé, bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú kọ́ la fi ń fọ idẹ? Ẹni tí àlejò bá bá nǹkan rẹ̀ ní dúdú, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. A tún wá dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tí wọ́n fún wa, kí nǹkan ṣáà mọ́ ni. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan ní Plumstead. Auntie Bísí yín, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níhìn-ín, ń nu kọ́ọ̀tù tó wà lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Bí Bísí bá nu irin ẹnu ọ̀nà, o lè wo ojú rẹ nínú rẹ̀ kí o fi wé gèlè. Òun náà wọ ẹgbẹ́ olówó àtijọ́ wa, ó sì ń gbọ́ ìkìlọ̀ Bọ̀dá Láyí ní gbogbo Sátidé, àmọ́ etí kejì ló ń gbà jáde. Owó tó kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ Bàbá Onígíláàsì, ó ti fọ̀ ọ́ funfun báláú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ó gbé e padà lọ fún bàbá náà kó lè yìn ín. Bàbá gbà á, ó wò ó, ó bọ́ gíláàsì, ó nu ojú. Bísí sọ fún wa pé ayọ̀ ló pa bàbá lẹ́kún.

Ilé mi yìí la ti ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, nítorí oòrùn ń bá fèrèsé mi. Ẹni kan á mú àkàrà wá, ẹni kan á mú awò tó ń mú nǹkan tóbi. A ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ epo kan owó, nítorí náà ẹni tó bá ti jẹ àkàrà, ẹnu ló kù tó lè fi bá wa dá sí i. Àríyànjiyàn ibẹ̀ ò kéré. "Ọlọ́mọge ni." "Ọlọ́mọge wo? Abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́fà!" Bọ̀dá Láyí tilẹ̀ ju ààbọ̀ dọ́là fàdákà sínú àwo ọrẹ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó ṣe bí àádọ́ta pẹ́ńsì ni, nítorí àádọ́ta pẹ́ńsì ìgbà yẹn tóbi. Nígbà tó lọ bẹ akápò, akápò ní ohun tó bá ti wọ àpótí Olúwa ti wọ̀ ọ́ náà. Àdúrà ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Bọ̀dá Láyí fi gbà á padà. Lóde òní ńkọ́? Wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn ò rí rí, owó àtijọ́ á dé bá wọn nínú ike, nọ́ńbà ipò rẹ̀ á wà lórí ike. Ike ni wọ́n ń rà. O ò gbọ́ ìró rẹ̀, o ò rí etí rẹ̀, kò sẹ́ni tí wàá bá jiyàn. Mi ò bú wọn o. Àmọ́ ayé tiwa dùn ju tiwọn lọ.

Ní báyìí, èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ìyá ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ni ín. Bàbá rẹ̀ jẹ́ atukọ̀ ní Èkó, nígbà tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì lọ kó ẹrù. Ó ní ọjọ́ kan ni ìgbì fẹ́ gbé ọ̀gá ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan lọ, bàbá òun sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á wọnú ọkọ̀. Ọ̀gá náà ò gbọ́ Yorùbá, bàbá ò gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá yọ owó yìí láti àpò, ó fi sí i lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn. Ìyá Àgbà wé e sínú àkísà aṣọ aró, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, nítorí ọwọ́ ọkùnrin méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ nínú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó kàwé, tó sì lẹ́nu, ló tilẹ̀ sọ owó náà lórúkọ. Ó ní Amẹ́ríkà wo ló dé Èkó nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló wà níbẹ̀? Ó ní bọ́tìnnì kótù ṣójà ni. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Àgbà bá ti la ẹnu, àwọn ọmọ ilé á ní, "Ó ti tó àsìkò bọ́tìnnì o." Èmi náà kéré nígbà yẹn, mo sì rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó papò dà, èmi ló fún. Ó ní, "Irọ́ kọ́ ni mo pa o." Ọ̀rọ̀ tó kù sí i lẹ́nu nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò ní kí n ṣe òkú òun. Kò ní kí n tọ́jú ilé. Ó kàn ní irọ́ kọ́ ni òun pa.

Mo rán an mọ́ ìsàlẹ̀ sùtánà mi wá sí ìlú yìí, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì lóòótọ́ ńkọ́? Nígbà tó yá, mo gbé e fún Bọ̀dá Láyí, àwa méjèèjì gbé e fún Bàbá Onígíláàsì. Bàbá wò ó, ó wọ̀n ọ́n. Ó ní ìwọ̀n rẹ̀ pé, ó sì dà bí Ìyá Ìjókòó, ààbọ̀ dọ́là, àmọ́ ayédèrú pọ̀ létí òkun wa lọ́hùn-ún nígbà náà, ó sì dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú òun ò fi ká a. Ó ní kí n dúró de ìpàtẹ ọdọọdún àwọn olówó àtijọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Woolwich, obìnrin kan ń bọ̀ tó jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá fi ìka kan mi léjìká, ó ní, bí mo bá fẹ́ràn Ọlọ́run, kí n má fọ̀ ọ́.

Mo fóònù ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú mi ò gbà á. Ó rẹ́rìn-ín títí káàdì fóònù mi fi ń tán lọ. Ó ní bí òyìnbó bá lè jẹ́rìí pé bọ́tìnnì yẹn kì í ṣe bọ́tìnnì, òun á wọ agbádá funfun, òun á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú sàréè Ìyá Àgbà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́ o." Mo gbé fóònù kalẹ̀.

Ìpàtẹ bọ́ sí Sátidé, ìkórè ìjọ wa bọ́ sí ọjọ́ kejì rẹ̀. Ní Fúráìdé, mo jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Owó Amẹ́ríkà mi yòókù, àwọn Ìyá Onírun tí mo rà lọ́jà, wà nínú agolo bísíkíìtì lórí tábìlì. Èyí yìí wà láàárín wọn, nínú aṣọ aró rẹ̀. Bísí ní kọ́kọ́rọ́ mi, nítorí òun ló máa ń gba Wálé ọmọ mi sílé bó bá ti ilé ìwé dé. Bísí ò tíì rí owó Ìyá Àgbà rí. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Lọ́sàn-án, mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo gun àtẹ̀gùn, mo dé orí afárá wa yìí. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló pàdé mi. Mo ń rìn, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọbẹ̀ ẹja ni, Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ ọbẹ̀ ẹja. Mo ṣílẹ̀kùn. Bísí jókòó níbi tí ìwọ Títí jókòó sí yẹn, abọ́ omi ọsàn níwájú rẹ̀, iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, eérú nínú ìwé ìròyìn, tí mi ò mọ ibi tó ti rí eérú ní Thamesmead títí di òní. Aṣọ aró Ìyá Àgbà ló fi ń nu ọwọ́. Gbogbo owó náà tò sórí táwẹ́lì, wọ́n ń dán bí eyín tuntun.

"Mummy Wálé, ẹ wá wo nǹkan," ó ní, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "A ò ní jẹ́ kí òyìnbó sọ pé ọmọ Yorùbá ń dọ̀tí."

Mi ò lè bú u. Mo ní, "Bísí, dúdú tó wà nínú aṣọ yẹn dà?"

Ó ronú. "Dúdú wo? Bọ́tìnnì yẹn? Bọ́tìnnì kótù àtijọ́ kan ló bọ́ sílẹ̀ nínú àkísà yìí. Mo ti sọ ọ́ sínú agolo òwú yín."

Mo sáré sí agolo òwú. Mo da á sílẹ̀. Ó wà láàárín bọ́tìnnì aṣọ ilé ìwé Wálé, dúdú kirimú, omi ọsàn ò tilẹ̀ ta sí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Bísí rò pé orí mi ti yí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un tán, òun náà jókòó tì mí, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Mo ní nítorí ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Àwọn Ìyá Onírun mi di abóra lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn pátá, mi ò sì káàánú wọn.

Ní Sátidé, obìnrin tí Bàbá Onígíláàsì sọ dé lóòótọ́. Irun rẹ̀ funfun, ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi ìka méjì mú etí owó náà. Ó wọ̀n ọ́n, ó fi awò wò ó, ó gbé e sábẹ́ iná, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí Títí ṣe ń yí i yẹn. Bọ̀dá Láyí di ọwọ́ mi kan mú, Bísí di èkejì. Obìnrin náà pe Bàbá Onígíláàsì, òun náà wò ó lábẹ́ iná. Obìnrin náà wá bi mí pé ta ló ti fọ owó yìí rí. Mo ní kò sí. Ó ní láti ìgbà wo? Mo ní láti ìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fún bàbá ìyá àgbà mi, nítorí ìyá àgbà mi ní kí a má fọ̀ ọ́. Ó bi mí pé kí la fi wé e. Mo yọ aṣọ aró jáde nínú báàgì, ó ṣì ń rùn ọsàn. Ó gbé owó lé e, ó ní kí n sún mọ́ iná kí n wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, aró ló wà lára rẹ̀. Lábẹ́ dúdú yẹn, létí rẹ̀ yí po, aró ni, tó ń di elésè àlùkò bó bá yí. Aṣọ náà ti pa owó láró. Mi ò rí i rí, nítorí mi ò gbé e súnmọ́ iná dáadáa rí, ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbogbo lẹ́tà asà pé. Orúnkún ìyá náà ṣì yọ. Lábẹ́ idì lẹ́yìn, lẹ́tà kékeré kan wà tó fi hàn pé ìlú etí omi kan ní gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rọ ọ́, ọdún tó wà lójú rẹ̀ sì bá ìgbà ayé atukọ̀ Èkó yẹn mu régé. Obìnrin náà ní ojúlówó ni. Ó ní awọ rẹ̀ tí kò ṣí yẹn ni ẹ̀rí, irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀, ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ìbá ti pa á. Ó dárúkọ ipò rẹ̀ lédè òyìnbó. Kó tó pa ẹnu dé, Bọ̀dá Láyí ti ké láàárín gbọ̀ngàn pé, "Ọlọ́mọge ni!" Gbogbo òyìnbó yíjú sí wa. Wọ́n gbé káàdì pupa síwájú owó mi, ipò kìíní nínú ìdíje tí wọ́n ń ṣe níbi ìpàtẹ náà. Bàbá Onígíláàsì tún bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó tún nu ojú. Bísí ní ṣé mo rí i, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí inú rẹ̀ bá dùn.

Mo fóònù láti ẹ̀gbẹ́ ọjà Woolwich, káàdì pupa lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ fún òun, mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ló bá ní, "Àbúrò mi, jẹ́ kí n lọ wá agbádá."

Wọ́n ní irọ́ ì báà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ìyá mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà bó ṣe rí. Agbádá funfun ni lóòótọ́. Gbogbo ilé jáde, àwọn tó ń sọ pé ó ti tó àsìkò bọ́tìnnì, wọ́n dúró yí ká. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa níwájú sàréè, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Ìyá Àgbà, irọ́ kọ́ lẹ pa." Ní ọjọ́ kan náà yẹn, níhìn-ín, àwa ń ṣe ìkórè. Mo jó láìwọ bàtà, bí a ṣe ń jó nílé Olúwa, mo gbé káàdì pupa lé orí. Bísí ló ṣáájú mi, ó ń sọ fún gbogbo ìjọ pé ọwọ́ òun ni Ọlọ́run lò. Mi ò já a nírọ́. Bí Bísí ò bá rí i bíi bọ́tìnnì, bí àwọn ẹlẹ́gàn ilé wa ṣe rí i, ọsàn wẹ́wẹ́ ni ì bá jẹ owó náà.

Ó ti tó, Títí. Mú un wá, létí rẹ̀. Rárá, má wá àpótí fún un. Wé e sínú aṣọ aró, kí o dá a padà sínú agolo òwú, sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwọ ni mo fún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ pé kí ni, má tijú, má ṣàlàyé. Gbé orí sókè, kí o sọ fún un pé bọ́tìnnì Ìyá Àgbà ni. Ẹ̀gàn ni tẹ́lẹ̀. Oríkì ni báyìí.